Ẹ Jẹ́ Kí A Tún Kọjú Sí Omi: Èbúté, Àlejò àti Ọjọ́ Ọ̀la Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

  

Nígbàkúùgbà tí a bá ń gbèrò bí àlejò yóò ṣe máa ya wá sí etíkun wa, òtẹ́ẹ̀lì ni a kọ́kọ́ máa ń dárúkọ: ibo la ó kọ́ ọ sí, yàrá mélòó ni yóò ní, ta ni yóò dáwó lé e. Èrò tèmi ni pé èbúté ló yẹ kí ó ṣáájú. Níbi tí ọmọ ilé ìwé, ìyá ẹlẹ́ja àti òṣìṣẹ́ ti ń wọkọ̀ láàárọ̀ ni àlejò yóò ti kọ́kọ́ mọ irú ẹni tí a jẹ́. Bí ibẹ̀ bá tọ́ sí onílé, yóò tọ́ sí àlejò. Bí onílé bá ń fara pa níbẹ̀, tó ń dúró nínú òjò, tí kò rí ibi ṣe ìgbọ̀nsẹ̀, kò sí òtẹ́ẹ̀lì tó lè bo àṣírí wa. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ là yé wa lónìí.

Omi ló kọ́kọ́ jẹ́ ọ̀nà fún wa

Nítorí àwọn ọ̀dọ́ tó wà láàárín wa, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ilẹ̀ wa ṣe rí. Ìkòròdú wà ní ìhà àríwá ọ̀sà Èkó. Ẹni tó bá wọkọ̀ níbẹ̀, tó kọrí sí ìlà-oòrùn, yóò kọjá Báyékù àti Ìjẹ̀dẹ́, yóò sì máa lọ títí tí yóò fi dé Èjìnrìn àti Ẹ̀pẹ́. Ní òdìkejì, níhà gúúsù, ilẹ̀ oníyanrìn tẹ́ẹ́rẹ́ kan nà gbọọrọ, ọ̀sà wà lẹ́yìn rẹ̀, òkun wà níwájú rẹ̀. Orí ilẹ̀ yìí ni Ẹlẹ́kọ̀, Akódò àti ìlú Lékkí gan-an wà. Abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ìbèjú-Lékkí ni wọ́n wà lóde òní, ṣùgbọ́n nínú ìpín márùn-ún tí a mọ ìpínlẹ̀ Èkó mọ̀, ìyẹn Ìkẹjà, Bádágírì, Ìkòròdú, Èkó àti Ẹ̀pẹ́, ara ìpín Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n jẹ́. Ìkòròdú ní ọ̀sà. Ẹ̀pẹ́ ní ọ̀sà, ó tún ní òkun.

Nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó ní òpin ọdún 1851, tí Kòsọ́kọ́, ọba Èkó, sì kúrò lórí oyè, Ẹ̀pẹ́ ni òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ fi ṣe ibùdó. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1854, òun àti Benjamin Campbell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó, ṣe àdéhùn ní Ẹ̀pẹ́. Kòsọ́kọ́ gbà pé òun kò ní gbógun ti Èkó mọ́. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà gbà pé kí ó máa ṣòwò ní èbúté Palma létí òkun. Ẹni tó ti pàdánù adé mọ̀ pé bí òun bá rí èbúté dì mú, ilé òun kò ní tú.

Bákan náà ni Ìkòròdú. Ní ọdún 1865, àwọn Ẹ̀gbá dó ti ìlú náà, Glover, tó ń ṣàkóso Èkó fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì, sì rán ọmọ ogun wá láti Èkó láti tú ìdótì náà ká. Ìdí ìjà náà kò ju ọ̀nà òwò lọ: Ìkòròdú ni ọjà ti ń kúrò lórí omi kí ó tó máa lọ sí òkè, ẹni tó bá sì di ibẹ̀ mú ti di ọrùn òwò mú. Ní ọdún 1892, Ẹ̀pẹ́ ni ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì sọ̀ sí kí wọ́n tó kọjú sí Ìjẹ̀bú-Òde. Èjìnrìn ńkọ́? Nígbà kan, ọjà rẹ̀ wà lára àwọn tó tóbi jù lọ létí ọ̀sà. Ibẹ̀ ni ará Ìjẹ̀bú àti ará Èkó ti ń pàdé, tí epo, aṣọ, iyọ̀ àti oúnjẹ ti ń pààrọ̀ ọwọ́.

Nígbà tí a kẹ̀yìn sí omi

Mọ́tò dé, títì dé, a sì kẹ̀yìn sí omi. Ọjà Èjìnrìn rọ nítorí pé ẹrù tó ń gba orí omi ti rí ọ̀nà mìíràn gbà. Àwọn ilé tí a ń kọ́ ní Ìkòròdú yí ojú sí òpópónà. Ẹ̀yìnkùlé ló kù fún ọ̀sà. Nígbà tí etí omi di ẹ̀yìnkùlé, a bẹ̀rẹ̀ sí í da pàǹtí síbẹ̀. Àwọn tí ń wa yanrìn náà dé, ẹ̀rọ wọn ń fa ìsàlẹ̀ ọ̀sà, omi ń dàrú, ibi tí ẹja ti ń yé ẹyin ń bàjẹ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn apẹja wa ní Báyékù bóyá àwọ̀n ń wúwo bíi ti tẹ́lẹ̀.

Síbẹ̀, ohun tí títì ṣe fún wa náà ti ń dẹ́kun. Gbogbo ọmọ Ìkòròdú ló mọ ohun tí ojú ń rí nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ní Mile 12 kí ènìyàn tó dé Èkó. Omi ti tún di ọ̀nà tó yá. Ọkọ̀ ń gbé èrò láti Ìpakodò, láti Báyékù, àti láti Ìjẹ̀dẹ́ lọ sí Badore. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ṣí iṣẹ́ ọkọ̀ LAGFERRY ní ọdún 2020, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ ètò ńlá kan tí ó pè ní Omi Èkó, pẹ̀lú owó láti ilẹ̀ Faransé àti Yúróòpù, láti tún èbúté ṣe àti láti ra ọkọ̀ tí ń lo iná mànàmáná. Àsìkò nìyí fún wa láti sọ ohun tí a fẹ́ kí èbúté wa dà, kí ẹlòmíràn má baà sọ ọ́ fún wa.

Ohun tó yẹ kí èbúté ní

Àlejò tó bá ń lọ sí Ẹ̀pẹ́ kò béèrè ohun tí ó ju èyí tí ìyá ẹlẹ́ja ń béèrè lọ. Àwọn méjèèjì ń fẹ́ òrùlé lórí wọn nígbà òjò àti nígbà oòrùn. Wọ́n ń fẹ́ àga, omi tó mọ́, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí ọkùnrin àti obìnrin yóò lò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, àti àkàbà tí àgbàlagbà lè gùn wọnú ọkọ̀ láìjẹ́ pé wọ́n gbé e bí ọmọ ọwọ́. Wọ́n ń fẹ́ pátákó tí a kọ iye owó ọkọ̀ àti àkókò tí ọkọ̀ ń ṣí sí, kí a má baà dá owó lé àlejò lórí nítorí pé ohùn rẹ̀ yàtọ̀. Wọ́n ń fẹ́ aṣọ ìléfòó tó mọ́, tó gbẹ, tí okùn rẹ̀ kò já. Òfin ti ní kí gbogbo èrò wọ̀ ọ́, kí ọkọ̀ má sì gbé èrò lóru. Ṣùgbọ́n bí aṣọ ìléfòó bá ń rùn, tó sì ya, èrò yóò fi kọ́ apá lásán, òfin yóò sì di ọ̀rọ̀ ẹnu.

Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé omi wa kì í ṣe ọ̀kan náà jákèjádò. Ọ̀sà Èkó a máa níyọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí pé omi òkun ń gba ẹnu rẹ̀ wọlé. Nígbà òjò, omi odò á lé iyọ̀ náà jáde. Ọ̀sà Lékkí tó wà ní ìhà ìlà-oòrùn Ẹ̀pẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ níyọ̀ nígbà kankan. Ìdí nìyí tí ẹja àrọ̀, èpìyà àti ọ̀bọ̀kún fi ń pọ̀ ní Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́. Ìdí nìyí náà tí koríko tí ń léfòó, èyí tí a kọ́kọ́ rí ní odò Bádágírì ní ọdún 1984, fi ń rí ibùgbé lọ́dọ̀ wa. Iyọ̀ ló ń pa á. Níbi tí iyọ̀ kò sí, ó ń bí sí i. Ó ń dí èbúté, ó ń wé mọ́ abẹ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀. Èbúté tí kò bá ní òṣìṣẹ́ tí ń kó koríko kúrò kò lè sọ àkókò tí ọkọ̀ yóò ṣí fún ẹnikẹ́ni.

Ní ìhà òkun, ọ̀rọ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Etíkun wa ní Ẹlẹ́kọ̀ àti Akódò rẹwà, ṣùgbọ́n ilẹ̀ rẹ̀ ń dà wọ inú ibú lójijì, ìgbì rẹ̀ sì lágbára. Omi tí ìgbì bá gbé gun yanrìn gbọ́dọ̀ padà. Nígbà mìíràn, yóò kóra jọ sí ojú kan, yóò sì máa wọ́ lọ sínú òkun bí odò tó ń sáré. Ẹni tí ó bá wọ́ lọ, tó ń fi agbára lúwẹ̀ padà sí etí ilẹ̀ ní ojú kan náà, yóò rẹ̀, yóò sì rì. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n yóò lúwẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́, yóò kúrò lójú ọ̀nà omi náà, kí ó tó kọrí sílé. Ọmọ àlejò láti Ìbàdàn tàbí láti London kò mọ èyí. Àwọn ọmọ apẹja wa mọ̀ ọ́n. Kí ló dé tí a kò fi gba àwọn ọ̀dọ́ yìí síṣẹ́, kí a kọ́ wọn ní ìtọ́jú ẹni tó mumi, kí a sì fún wọn ní àsíá pupa, fèrè, okùn àti owó oṣù? Etíkun tí kò ní ẹni tí ń ṣọ́ ọ kò yẹ ní etíkun tí a ń pe àlejò sí, ì báà ní ijó àti ọtí títí.

Ìgbọ̀nsẹ̀ àti pàǹtí

Mo mọ̀ pé kò wuni láti sọ̀rọ̀ ìgbọ̀nsẹ̀ níwájú ẹ̀yin ọba wa, ṣùgbọ́n òun ló mú kí wọ́n ti erékùṣù kan tó lókìkí ní gbogbo ayé pa. Boracay ni orúkọ rẹ̀, ní ilẹ̀ Philippines. Erékùṣù kékeré ni, ilẹ̀ rẹ̀ kò ju bíi kìlómítà onígun mẹ́rin mẹ́wàá lọ, yanrìn rẹ̀ funfun báláú. Ní ọdún 2017, ó ju mílíọ̀nù méjì àlejò tó lọ síbẹ̀. Òtẹ́ẹ̀lì ń pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn kò so ìgbọ̀nsẹ̀ wọn mọ́ ibi tí a ti ń tọ́jú rẹ̀. Inú òkun ni ó ń lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin ọdún 2018, ìjọba ti gbogbo erékùṣù náà pa fún oṣù mẹ́fà. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ pàdánù iṣẹ́ wọn. Kí wọ́n tó tún un ṣí, wọ́n wó àwọn ilé tó sún mọ́ omi jù, wọ́n fi òté lé iye àlejò tó lè wọlé, wọ́n sì fi dandan lé e pé òtẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ rí i pé a tọ́jú ẹ̀gbin rẹ̀.

Àwa náà ń gbé lórí yanrìn. Bí a bá gbẹ́ ṣáláńgá sórí yanrìn, níbi tí omi abẹ́ ilẹ̀ kò jìn, ohun tó wà nínú ṣáláńgá yóò rìn lọ bá kànga. Kànga náà ni ọmọ abúlé ń mu. Àlejò yóò ra omi inú ike, yóò mu ún, yóò sì ju ike náà sílẹ̀. Yóò lọ, ike yóò kù. Àwọn bàbá wa ti rí ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́: ojú àlejò ni a ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ ni a ti ń san án. Nítorí náà, kí a tó fọwọ́ sí ibi ìgbafẹ́ tuntun, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó yẹ kí ìjọba ìbílẹ̀ béèrè ni èyí: ìgbọ̀nsẹ̀ àti pàǹtí ibí yìí, ibo ni yóò máa lọ?

Ta ni ó ni etí omi?

Ìbéèrè kejì ni ti ẹni tó ni etí omi. Ní oṣù Kínní ọdún 2020, àwọn ọmọ ogun ojú omi lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kúrò ní Tarkwa Bay, etíkun tí àwọn ará Èkó ti ń wọkọ̀ lọ gbafẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn tí ń ta oúnjẹ, tí ń wa ọkọ̀, tí ń kọ́ ọmọdé ní gígun ìgbì, pàdánù ilé wọn láàárín àkókò kúkúrú. Ní ọdún 2024, títì etíkun láti Èkó dé Calabar gba àárín Landmark Beach kọjá, wọ́n sì wó ọ̀pọ̀ ilé ìtajà níbẹ̀. Ìdí yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ jẹ́ ọ̀kan: òwò etíkun tí kò ní ìwé ilẹ̀ tó dúró, tí kò sì sí nínú àwòrán ètò ìlú, kò ní ìpìlẹ̀.

Òkun fúnra rẹ̀ náà ń gba ilẹ̀. Láti ọdún 1908 ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi òkúta kọ́ odi gígùn sínú òkun lẹ́nu èbúté Èkó kí ọkọ̀ ńlá lè máa wọlé. Odi náà dí ọ̀nà yanrìn tí omi ń gbé láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn. Yanrìn jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, òkun sì ń jẹ Bar Beach ní ẹ̀gbẹ́ kejì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní báyìí, èbúté ńlá Lékkí tí a ṣí ní oṣù Kínní ọdún 2023 ní odi tirẹ̀ nínú òkun, nínú ilẹ̀ Ìbèjú-Lékkí. Ó yẹ kí a máa wọn etíkun Akódò àti ti ìlú Lékkí lọ́dọọdún, kí a sì sọ àbájáde rẹ̀ ní gbangba, kí a tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ́lé sí bèbè omi.

Ọ̀nà wà tí àlejò lè gbà wá tí onílé kò fi ní di àlejò nílé ara rẹ̀. Ẹ wo Gambia. Ní ọdún 1965 ni ilé iṣẹ́ kan láti Sweden bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn arìnrìn-àjò lọ síbẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn òtẹ́ẹ̀lì bẹ̀rẹ̀ sí í ta yàrá, oúnjẹ àti ọtí pọ̀ ní owó kan ṣoṣo, àlejò kò sì jáde mọ́. Olóúnjẹ ìta ń ké, onítakisí ń ké. Ní ọdún 1999 ìjọba fòfin de irú títà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí wọ́n fi yí i padà nítorí pé òwò òtẹ́ẹ̀lì fà sẹ́yìn. Ohun tó wá ṣiṣẹ́ ni èyí: àwọn tí ń ta èso àti àwọn tí ń fún omi ọsàn ní etíkun kóra jọ, wọ́n gba ìwé àṣẹ àti àmì àyà, wọ́n ṣe òfin ara wọn pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ máa fa àlejò láṣọ, wọ́n kọ́ ìsọ̀ tó mọ́. Òtẹ́ẹ̀lì gbà kí àlejò jáde lọ bá wọn, owó tí ń wọlé fún wọn sì pọ̀ sí i. Àwọn ẹlẹ́ja Ọjà Olúwo ti ní ẹgbẹ́, wọ́n ní Ìyálọ́jà. Ohun tí Gambia ṣẹ̀ṣẹ̀ kó jọ ti wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ wa.

Àṣà wa ní àkókò tirẹ̀

Ohun tí àlejò lè rí lọ́dọ̀ wa pọ̀. Ní Ẹ̀pẹ́, lẹ́yìn Iléyá, àwọn Èkó Ẹ̀pẹ́ ń ṣe Káyọkáyọ̀ ní ìrántí dídé Kòsọ́kọ́. Àwọn Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ náà ní Òkòsí, tí ọkọ̀ ń dárà lójú omi. Ní Erédò, odi àti yàrà Súngbọ́ tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká ṣì wà nínú igbó. Gígùn rẹ̀ tó bíi 160 kìlómítà, ó sì ga tó 20 mítà ní àwọn ibòmíràn. Láti ọdún 1995 ló ti wà nínú ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO gbà wọlé. Ọkọ̀ akatapílà kò sì dúró de UNESCO. Ìlú Lékkí náà ní ìtàn tirẹ̀: ibẹ̀ ni ìjọba há olóṣèlú Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ mọ́ ní ọdún 1962.

Ìkòròdú ní Mágbó, Agẹmọ, Ẹlúkú àti Orò. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe eré tí a ń ṣe fún àlejò, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n dà bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ààfin máa fi ọjọ́ wọn léde ṣáájú, kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ èbúté àti ilé ìtura. Obìnrin tó jẹ́ àlejò gbọ́dọ̀ mọ ọjọ́ Orò, tí obìnrin kò gbọ́dọ̀ jáde, kí ó tó sanwó ọkọ̀. Àṣà tí a bá ṣàlàyé lákòókò ni àlejò ń bọ̀wọ̀ fún.

Aláṣẹ méjì, omi kan

Ní oṣù Keje ọdún 2013, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé ìpínlẹ̀ ló láṣẹ láti ṣàkóso òtẹ́ẹ̀lì àti ibi ìgbafẹ́ tó wà lórí ilẹ̀ rẹ̀. Ní oṣù Kínní ọdún 2024, ilé ẹjọ́ kan náà dájọ́ pé ọ̀nà omi abẹ́lé wà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀ àti àjọ rẹ̀, NIWA, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1997. LASWA, àjọ ọ̀nà omi ti ìpínlẹ̀ Èkó, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 2008, sì wà lẹ́nu iṣẹ́ lórí omi kan náà. Nítorí náà, àlejò tó bá wọkọ̀ ní Ìpakodò, tó lọ sùn ní ibi ìgbafẹ́ kan ní Ìbèjú, yóò kọjá láti abẹ́ aláṣẹ kan sí abẹ́ aláṣẹ mìíràn láàárín wákàtí díẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrèǹgbè. Bí wọn kò bá jọ fọwọ́ sí ìwé kan lórí ẹni tí yóò yẹ ọkọ̀ wò, ẹni tí yóò gba owó èbúté àti ẹni tí yóò tún un ṣe, ara ìlú ni yóò máa san owó méjì tí kò sì ní rí èbúté kan.

Ohun tí mo dá lábàá

Èkínní, kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ àti àwọn agbègbè ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ (LCDA) wa yan èbúté kan ní agbègbè wọn, kí wọ́n tún un ṣe pátápátá: òrùlé, omi, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, iná, pátákó owó, àkàbà. Èkejì, kí apá kan nínú owó èbúté máa wà lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tí àwọn atukọ̀, ẹlẹ́ja àti ọ̀dọ́ wà nínú rẹ̀, kí wọ́n máa lẹ ìṣirò rẹ̀ mọ́ ògiri loṣooṣù. Ẹ̀kẹta, kí a gba ọmọ apẹja síṣẹ́ ìṣọ́ etíkun ní Ẹlẹ́kọ̀ àti Akódò. Ẹ̀kẹrin, kí ibi ìgbafẹ́ kankan má ṣe gba àṣẹ bí kò bá ti fi ètò ìgbọ̀nsẹ̀ àti pàǹtí hàn, tí kò sì fi ọ̀nà sílẹ̀ fún ará abúlé láti dé etí omi. Ẹ̀karùn-ún, kí a fi òpin sí wíwa yanrìn ní ibi tí ẹja ti ń yé ẹyin. Ẹ̀kẹfà, kí a dá ọ̀nà ọkọ̀ kan sílẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé láti Ìkòròdú, kó gba Èjìnrìn, dé Ẹ̀pẹ́, kí àlejò lè ra ẹja ní Ọjà Olúwo, kí ó dé Erédò, kí ó sì padà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Nínú gbogbo èyí, kò sí ohun tó le jù fún wa. Kò sí èyí tó ń dúró de olówó kan láti òkè òkun. Ìgbìmọ̀ àkọ́kọ́ lè jókòó ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ láàfin èyíkéyìí tó bá fẹ́, kí ó mú èbúté kan, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti òrùlé. Bí ìyá ẹlẹ́ja bá lè dúró níbẹ̀ láìṣe wàhálà, èbúté náà ti ṣetán láti gba àlejò.